Sáà Tí Ó Wọnú Sáà: Lámèyítọ́ lórí Ọ̀nà Ìka Méjì, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ibùdó Sátẹ́láìtì Lánlátẹ̀

Ìfáárà

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wá ibi tí sáà inú àkọsílẹ̀ kan ti wọnú sáà inú àkọsílẹ̀ mìíràn, bí a bá ti to àkọsílẹ̀ méjèèjì ní ìtẹ̀léra. Ọ̀nà náà kúrú. Ó rọrùn láti há sórí. Ó sì yá ju ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè ronú kàn. Bóyá ìdí nìyí tí a kì í fi í bi í léèrè ohun tí ó ti gbà gẹ́gẹ́ bí òótọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀nà ìka méjì, gẹ́gẹ́ bí a ó ti máa pè é, dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n àyè náà kéré ju bí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ. Bí ó bá sì kọjá àyè rẹ̀, kì í ké, kì í dúró. Èsì tí kò pé ni ó máa ń mú jáde, pẹ̀lú ìdánilójú. Lánlátẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ni a ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé iṣẹ́ kan wà ní ìlú náà rí tí gbogbo àléébù ọ̀nà yìí lè tipasẹ̀ rẹ̀ hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹ kí ó ṣáájú lórí àwọn orúkọ tí a ó lò. Ohun tí a ń pè ní sáà ni ìgbà tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì ní òpin, bí sáà ìjọba tàbí sáà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kan lè fẹ́ lo àlàfo, ṣùgbọ́n ibi tí ó ṣófo láàárín nǹkan méjì ni àlàfo, ohun tí iṣẹ́ yìí sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò ṣófo. Bákan náà, ìpàdé kò tó fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín sáà méjì tí wọ́n jọ ní àkókò kan. Ènìyàn méjì lè pàdé ní oríta kí wọ́n sì pínyà lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà a ó máa sọ pé sáà méjì wọnú ara wọn bí wọ́n bá jọ ní àkókò tí a lè wọ̀n, a ó sì máa sọ pé wọ́n fara kanra bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ọ̀kan parí sí gan-an ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Yóò hàn níwájú pé òun ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn.

Ibi tí ìṣòro náà ti wá

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1962 ni wọ́n gbé sátẹ́láìtì Telstar lọ sí òfuurufú. Kò dúró lójú kan. Ó ń yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 37. Ibùdó tí ó wà ní Andover ní Amẹ́ríkà ní àkọsílẹ̀ àwọn sáà tí yóò fi rí i. Ibùdó Goonhilly ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Pleumeur-Bodou ní ilẹ̀ Faransé ní tiwọn. Ìgbà tí Andover nìkan bá rí i, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí Andover ń sọ. Àfi ìgbà tí ibùdó etí òkun méjèèjì bá jọ rí i ni ọ̀rọ̀ lè kọjá, ìyẹn kò sì ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ nínú yíyí kan. Àkọsílẹ̀ méjì tí a tò ní ìtẹ̀léra, tí a sì ń wá ibi tí wọ́n ti wọnú ara wọn: ìṣòro tí a ń kọ́ ní kíláàsì gan-an nìyẹn, kì í ṣe àlọ́ tí olùkọ́ kan jókòó hun.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Ààrẹ Kennedy bá Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Inú ọkọ̀ ojú omi Kingsport, tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ni ẹ̀rọ tí ó gba ọ̀rọ̀ náà wà. Syncom ga tó bẹ́ẹ̀ tí yíyí rẹ̀ kan fi bá ọjọ́ kan ṣe déédéé. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e ni wọ́n wá dúró sójú kan lókè agbedeméjì ayé, ní gíga tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 35,800, tí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ fi lè kọ àwo rẹ̀ sí wọn láìyí i padà.

Irú àwọn wọ̀nyí ni ibùdó Lánlátẹ̀ wà fún. Ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje ni Lánlátẹ̀, pẹ̀lú Èrúwà, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó jìnnà sí ariwo rédíò ìlú ńlá, tí kò sì jìnnà jù sí Èkó, ni ó máa ń bá iṣẹ́ yìí mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n fi ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́lẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Nigerian External Telecommunications, èyí tí a wá dà pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù ti ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní ọdún 1985 láti di NITEL. Ìpè láti Nàìjíríà sí òkè òkun, àti àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí ó ń bọ̀ láti òkèèrè, gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹnìkan lè sọ pé bí sátẹ́láìtì bá ti dúró lójú kan, ìṣòro sáà ti parí, níwọ̀n bí sáà rírí rẹ̀ ti di ọjọ́ gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣòro náà kàn pa aṣọ dà ni. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 20 oṣù Kẹta àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn a máa bọ́ sí ẹ̀yìn sátẹ́láìtì gan-an, bí a bá wò ó láti Lánlátẹ̀. Àwo tí ó ń gbọ́ sátẹ́láìtì yóò wá máa gbọ́ oòrùn, ariwo rẹ̀ a sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́, fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Fún sátẹ́láìtì tí ó wà ní dígírì 24.5 ní ìwọ̀-oòrùn Greenwich, ìṣirò fi hàn pé àyíká aago mẹ́ta ọ̀sán ni èyí máa ń bọ́ sí ní oṣù Kẹta, nígbà tí ọ́fíìsì ṣì ń ṣiṣẹ́. Fún èyí tí ó wà ní dígírì 60 ní ìlà-oòrùn, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni. Àkọsílẹ̀ kìíní nìyẹn: àwọn sáà tí oòrùn yóò dí ọ̀nà. Àkọsílẹ̀ kejì ni àwọn sáà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ìpè àti fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí méjèèjì ti wọnú ara wọn yóò jẹ́ kí ẹni tí ó ti sanwó pàdánù ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìka méjì

Ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kí a mú sáà kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ kìíní, kí a fi wé gbogbo sáà inú àkọsílẹ̀ kejì. Bí àkọsílẹ̀ kìíní bá ní sáà 200, tí èkejì ní 300, ìfiwéra 60,000 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gbogbo làálàá tí a ṣe láti to àkọsílẹ̀ ní ìtẹ̀léra ti di asán. Ọ̀nà ìka méjì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka kan wà lórí sáà àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ kìíní, ìka kejì wà lórí sáà àkọ́kọ́ nínú èkejì. A fi sáà méjèèjì wéra lọ́nà yìí:

ìbẹ̀rẹ̀ ibi tí wọ́n ti wọnú ara = èyí tí ó pẹ́ jù nínú ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì;
òpin ibi tí wọ́n ti wọnú ara = èyí tí ó yá jù nínú òpin méjèèjì.

Bí ìbẹ̀rẹ̀ yìí bá ṣáájú òpin yìí, wọ́n wọnú ara wọn. Lẹ́yìn èyí, ìka tí ó wà lórí sáà tí ó kọ́kọ́ parí ni a ó sún síwájú, a ó sì tún fi wéra. Nítorí pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sún ìka kan síwájú, tí kò sì sí ìka tí ń padà sẹ́yìn, ìfiwéra tí a ó ṣe fún 200 àti 300 kò lè tó 500. Àbúrò ni ọ̀nà yìí jẹ́ fún ọ̀nà ìdàpọ̀ tí John von Neumann kọ ètò rẹ̀ ní ọdún 1945 láti to nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé ńlá tí Donald Knuth gbé jáde lórí títò àti wíwá ní ọdún 1973 yóò dá ìrísí rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìlànà yìí kò kan àkókò nìkan. Sátẹ́láìtì tí ó dúró lójú kan ń rí nǹkan bíi dígírì 81 sí apá ọ̀tún àti 81 sí apá òsì. Èyí tí ó wà ní 24.5 ní ìwọ̀-oòrùn, lókè Òkun Àtìláńtíìkì, ń rí láti 105.5 ìwọ̀-oòrùn dé 56.5 ìlà-oòrùn. Èyí tí ó wà ní 60 ìlà-oòrùn, lókè Òkun Íńdíà, ń rí láti 21 ìwọ̀-oòrùn dé 141 ìlà-oòrùn. Ìbẹ̀rẹ̀ tí ó pẹ́ jù ni 21 ìwọ̀-oòrùn. Òpin tí ó yá jù ni 56.5 ìlà-oòrùn. Lánlátẹ̀ wà ní nǹkan bíi 3.5 ìlà-oòrùn, láàárín méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó wà ní Ìbàràpá fi lè bá sátẹ́láìtì òkun méjì sọ̀rọ̀ láìkúrò lójú kan.

Ìka wo ni kí a sún?

Ibi àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni yíyan ìka tí a ó sún. Àwọn kan a sún ti sáà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn, ní kété tí wọ́n bá ti rí sáà méjì tí ó wọnú ara, a sún ìka méjèèjì, bí ẹni pé sáà kan kò lè ní ju ẹnì kejì kan ṣoṣo lọ. Ìtàn Ọ̀yọ́ ti tú àṣìṣe yìí ká. Bí a bá to sáà àwọn Aláàfin sí àkọsílẹ̀ kan, tí a sì to sáà àwọn Baṣọ̀run sí èkejì, gẹ́gẹ́ bí ìtàn Samuel Johnson tí a tẹ̀ ní ọdún 1921 ti mú un wá, sáà Gáà nìkan ṣoṣo ni ó wọnú ti Lábísí, ti Awọ́nbíojú, ti Agbólúajé, ti Májẹ̀ógbé àti ti Abíọ́dún. Ìka tí ó wà lórí Gáà dúró. Ìka tí ó wà lórí àwọn ọba ni ó ń sún, nítorí pé sáà tiwọn ni ó kọ́kọ́ ń parí. Awọ́nbíojú kò lò ju 130 ọjọ́ lọ lórí ìtẹ́ nínú ìtàn Johnson, sáà rẹ̀ sì wà nínú ti Gáà pátápátá. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá sún ìka méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò ròyìn pé ọba kan ṣoṣo ni Gáà bá jọ wà láyé. Ẹni tí ó ti rí eré Adébáyọ̀ Fálétí lórí ìtàn yìí kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé irọ́ ni.

Àṣìṣe yìí kò le láti mú, nítorí pé ó ń hàn. Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò rí bẹ́ẹ̀.

Etí sáà

Kí ni ó yẹ kí a sọ nípa sáà méjì tí ó fara kanra? Ká ní ìpè kan wà láti aago 14:50 sí 15:00, tí ariwo oòrùn sì wà láti 15:00 sí 15:06. Bí ètò bá lo "ṣáájú" nínú ìfiwéra rẹ̀, yóò ní wọn kò wọnú ara wọn. Bí ó bá lo "ṣáájú tàbí bá dọ́gba", yóò ní wọ́n wọnú ara wọn, a ó sì fagi lé ìpè tí kò sí ohun tí ó ṣe é. Olùkọ́ a máa sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yan èyí tí ó bá wù ú. Ìdáhùn yìí kò tó. Ohun tí ètò gbọ́dọ̀ lò wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ àkọsílẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ètò.

Ìmọ̀ òǹkà Yorùbá ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ níhìn-ín, ó sì yani lẹ́nu pé a kì í mú un wọ inú ẹ̀kọ́ yìí. Yorùbá a máa ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òǹkà, a sì máa ka ọjọ́ òpin mọ́ ọn pẹ̀lú. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún ni a ń pè ní ti ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ ọjà òní ni ọjọ́ kìíní, ọ̀la ni èkejì, ọ̀tunla ni ẹ̀kẹta, ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e ni ẹ̀kẹrin, ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ ni ìkarùn-ún. Òru mẹ́rin péré ni ó wà láàárín ọjà méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán, tí a ń pè ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, jẹ́ òru mẹ́jọ, tí ìtàdógún, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, sì jẹ́ òru mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ ọjà kan náà ni òpin ọrún tí ó kọjá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọrún tí ń bọ̀. Sáà tí etí rẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀ ni Yorùbá ń lò, gbogbo ọrún sì ni ó fara kan èyí tí ó tẹ̀lé e.

Bí a bá gbé òǹkà yìí fún ètò tí kò mọ̀ ọ́n, jàǹbá méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Èkíní ni pé yóò ka ọrún sí òru márùn-ún, yóò sì máa fi ọjọ́ kan pẹ́ sí ní ọjà kọ̀ọ̀kan. (Ohun tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé nígbà tí ó bá ka ọjà kẹrin, òru ogún ti kọjá, ogún sì ṣe é fi mẹ́rin pín, ọjọ́ ọjà tòótọ́ ni yóò bọ́ sí. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ yẹn yẹ ètò náà wò yóò ní ó péye.) Èkejì ni pé bí ètò náà bá lo "ṣáájú tàbí bá dọ́gba", yóò ròyìn pé gbogbo ọrún ni ó wọnú ọrún tí ó tẹ̀lé e, ìròyìn tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1982, Edsger Dijkstra kọ ìwé kúkúrú kan láti fi hàn pé ohun tí ó dára jù fún ètò ni sáà tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí òpin rẹ̀ kò sì sí nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ dúró ṣinṣin: bí a bá yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú òpin, gígùn sáà ni a ó rí, sáà méjì tí ó fara kanra yóò sì ní nọ́ńbà kan láàárín wọn láìwọnú ara wọn. Kò sí àríyànjiyàn níbi tí ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Àríyànjiyàn tí ó kù ni ti àwọn tí wọ́n rò pé nítorí èyí, ó yẹ kí àkọsílẹ̀ tí a gbà lẹ́nu àgbà tàbí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wà ní ìrísí Dijkstra láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ìyẹn léwu. Òṣìṣẹ́ tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ibùdó pé ariwo wà "láti 14:55 dé 15:00" lè ní lọ́kàn pé ìṣẹ́jú 15:00 náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìṣẹ́jú tí ó gbọ́ ariwo. Fún Dijkstra, 15:01 ni òpin sáà yẹn. Bí a bá kọ ọ́ sí 15:00 láìbéèrè, ìṣẹ́jú kan ti sọnù, ìpè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 15:00 yóò sì bọ́ sínú ariwo pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé ọ̀nà mọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí àkọsílẹ̀ dúró bí ẹni tí ó kọ ọ́ ti sọ ọ́, kí a yí i padà ní ojú kan ṣoṣo nínú ètò, ní ibi tí gbogbo ènìyàn lè rí i kí wọ́n sì tọ́ka sí i.

Àwo kan, àwo méjì

Ibi tí ọ̀nà ìka méjì ti já ènìyàn kulẹ̀ jù lọ ni a dé yìí. Ọ̀nà náà gbà pé nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí sáà tí ó wọnú sáà mìíràn. Wọn kì í sábà sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a to àkọsílẹ̀ ní ìtẹ̀léra, akẹ́kọ̀ọ́ a sì rò pé ìtẹ̀léra nìkan tó. Kò tó. Sáà lè tẹ̀léra ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn kí wọ́n sì gbé inú ara wọn.

Fún ibùdó tí ó ní àwo kan tí iṣẹ́ kan ṣoṣo ń lò lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ọ̀nà náà gbà gbọ́ jẹ́ òótọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Irin àti símẹ́ńtì ni ó ń dáàbò bo ètò, kì í ṣe ọgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò dúró lórí àwo kan. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, orílẹ̀-èdè náà ní àwo tí ó kọjú sí Òkun Àtìláńtíìkì, ó sì ní èyí tí ó kọjú sí Òkun Íńdíà. Bí a bá kọ iṣẹ́ àwo méjì sínú àkọsílẹ̀ kan náà, ààbò yẹn ti lọ.

Ká ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rí báyìí: tẹlifíṣọ̀n lórí àwo Àtìláńtíìkì láti 14:00 sí 17:00, àti ìdánwò tẹlifóònù lórí àwo Íńdíà láti 14:30 sí 15:00. Àkọsílẹ̀ kejì ní sáà kan péré, 14:40 sí 14:50, tí wọn yóò pa iná fún àtúnṣe ẹ̀rọ. Ìka kìíní wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ìka kejì wà lórí àtúnṣe. Wọ́n wọnú ara wọn. A kọ ọ́ sílẹ̀. Èwo ni ó kọ́kọ́ parí? Àtúnṣe ni. A sún ìka rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó kù nínú àkọsílẹ̀ kejì. Iṣẹ́ parí. Ìka kìíní kò dé orí ìdánwò tẹlifóònù rárá. Àwọn tẹlifíṣọ̀n gba ìkìlọ̀. Àwọn tí ó wà nídìí àwo Íńdíà kò gbọ́ nǹkan kan títí iná fi kú mọ́ wọn lójú. Bí ẹnìkan bá ní kí a to àkọsílẹ̀ nípa òpin dípò ìbẹ̀rẹ̀, ìdánwò ni yóò wà lókè, àtúnṣe yóò tún kọ́kọ́ parí, tẹlifíṣọ̀n ni kò ní gbọ́. Ẹni tí a ń fi sílẹ̀ ni ó yí padà, àṣìṣe kò yí padà.

Ó yẹ kí á ṣàkíyèsí irú àṣìṣe tí èyí jẹ́. Ètò tí ó ń pariwo níbi tí kò yẹ yóò bí olówó iṣẹ́ nínú, wọn yóò sì tún un ṣe. Ètò tí ó dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó pariwo lè dákẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, nítorí pé kò sí ẹni tí ń ṣàyẹ̀wò ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Oríṣi ìwòsàn méjì ni wọ́n máa ń dábàá. Èkíní ni pé kí a kọ́kọ́ da àwọn sáà tí ó wọnú ara pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n àti ìdánwò yóò wá di sáà kan, 14:00 sí 17:00, ọ̀nà ìka méjì yóò sì ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ti sọnù. Ètò lè sọ pé "iṣẹ́ kan" yóò bá àtúnṣe pàdé, kò lè sọ iṣẹ́ ta ni. Fún ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ibùdó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ó tó. Fún ẹni tí yóò gbé tẹlifóònù láti kìlọ̀ fún ènìyàn, kò wúlò.

Ìwòsàn kejì ló sàn jù, ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu pé a kì í fi í ṣáájú. Michael Shamos àti Dan Hoey lo irú ọgbọ́n yìí ní ọdún 1976 fún àwọn ìlà tí ó gún ara wọn. Bentley àti Ottmann fẹ̀ ẹ́ sí i ní ọdún 1979. Dípò kí a máa wo sáà, a ó máa wo ìṣẹ̀lẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀, òpin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀. A to gbogbo wọn sórí ìlà kan, a sì ń rìn lọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Àwọn sáà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tí kò sì tíì parí wà lọ́wọ́ wa. Bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo sáà àkọsílẹ̀ kejì tí ó wà lọ́wọ́ ni ó wọnú rẹ̀. Ní 14:40 tí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n àti ìdánwò ni ó wà lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì gba ìkìlọ̀. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ etí sáà mu. Bí òpin kan àti ìbẹ̀rẹ̀ kan bá bọ́ sí ìṣẹ́jú kan náà, ètò gbọ́dọ̀ yan èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Bí ó bá kọ́kọ́ ju èyí tí ó parí sílẹ̀, ti Dijkstra ni ó tẹ̀lé. Bí ó bá kọ́kọ́ mú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀, òǹkà ọjà ni. Ìpinnu tí ó fara pamọ́ sínú àmì kékeré kan tẹ́lẹ̀ ti wá bọ́ sí gbangba.

A kò gbọ́dọ̀ ṣe àṣejù nínú ìyìn. Bí sáà 200 bá wọnú sáà 300 ní gbogbo ọ̀nà, 60,000 ni èsì, kò sì sí ọgbọ́n tí yóò kọ 60,000 ìlà sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 500.

Ọ̀rọ̀ James Allen, tí a tẹ̀ ní ọdún 1983, yẹ kí ó wọlé níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kíláàsì ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n máa ń fi í sí. Allen fi hàn pé ọ̀nà mẹ́tàlá ni sáà méjì lè gbà wà sí ara wọn. Mẹ́rin nínú wọn ni kí ọ̀kan ṣáájú èkejì, tàbí kí wọ́n fara kanra, láti ìhà kìíní tàbí láti ìhà kejì. Mẹ́sàn-án tí ó kù ni ọ̀nà ìka méjì ń dà pọ̀ sábẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìpè tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ariwo oòrùn ṣe é sún síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìpè tí ariwo bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí sí àárín rẹ̀ ni wọn yóò gé sí méjì tàbí kí wọ́n gbé e gba òkun kejì. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan kò tó fún òṣìṣẹ́ láti mọ èyí tí yóò ṣe.

Ìlà tí ó di òbírí

Iṣẹ́ òru a máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 22:00, a sì parí ní 06:00. Òpin rẹ̀ kéré sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìfiwéra wa yóò sì ní kò wọnú ohunkóhun. Pípín in sí méjì ní ọ̀gànjọ́ òru ni àtúnṣe rẹ̀, pẹ̀lú ìṣọ́ra pé kí a má ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti ayé fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ìlà. Lórí ìlà, bí sáà mẹ́ta bá wọnú ara wọn ní méjì-méjì, kò sí bí àkókò kan kò ṣe ní wà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní. Ètò tí ó ń wá ìgbà tí ibùdó mẹ́ta jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ sábà máa ń gbójú lé èyí láìmọ̀. Lórí òbírí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945, Arthur C. Clarke ti kọ ọ́ pé ẹ̀rọ mẹ́ta lójú òfuurufú tó láti bo ayé, INTELSAT sì mú un ṣẹ ní ọdún 1969. Ká fi sátẹ́láìtì Òkun Pàsífíìkì sí dígírì 174 ìlà-oòrùn. Yóò rí láti 93 ìlà-oòrùn, yóò kọjá 180, títí dé 105 ìwọ̀-oòrùn, níbi tí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin kò ti ṣe é fi wéra mọ́. Ti Àtìláńtíìkì àti ti Íńdíà wọnú ara wọn láti 21 ìwọ̀-oòrùn dé 56.5 ìlà-oòrùn. Ti Íńdíà àti ti Pàsífíìkì wọnú ara wọn láti 93 dé 141 ìlà-oòrùn. Ti Pàsífíìkì àti ti Àtìláńtíìkì wọnú ara wọn pẹ̀lú, ní ìdajì dígírì péré, láàárín 105 àti 105.5 ìwọ̀-oòrùn, ní etí òfuurufú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọnú ara wọn ní méjì-méjì, síbẹ̀ kò sí ilẹ̀ tàbí omi kan tí ó rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí wọ́n wà ní Lánlátẹ̀ rí òkun méjì. Ti ẹ̀kẹta wà nísàlẹ̀ etí ilẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, ìpè tí ó bá ń lọ sí erékùṣù inú Pàsífíìkì sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó mìíràn lójú ọ̀nà kí ó tó tún gòkè.